Oògùn Omi Tí Màmá Fọwọ́ Ara Wọn Wọ̀n

                                                  Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                                  Òpópónà Ilé-Ìwé,
                                                  Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, 2019.

Àbúrò mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti ń fún un nísinmi? Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ mi ńkọ́, ọmọ oṣù márùn-ún tó ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń fọn fèrè? Mo rí fọ́tò rẹ̀ tó o fi ránṣẹ́, mo sì fi han gbogbo oníbàárà tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ náà, títí kan ọkùnrin kan tó kàn yà wá béèrè ọ̀nà. Ara àwa náà le. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń sáré, iná ò kú nílé búrẹ́dì ọkọ mi, Màmá sì ń jẹun dáadáa. Mo mọ̀ pé ò ń sọ nínú ara rẹ pé kí n yéé rojọ́, kí n sọ ti ẹsẹ̀ Màmá. Fara balẹ̀. Ibẹ̀ ni mò ń lọ, ṣùgbọ́n inú omi ni ọ̀nà ibẹ̀ gbà.

O rántí pé láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún fún Màmá, àtẹ̀gùn ti di èèwọ̀ fún wọn. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi tíì gbé ọmọ rẹ lọ́wọ́, nígbà tó jẹ́ pé òkè kẹta lẹ kó lọ gbé bí ẹyẹ. Obìnrin tó ń kọ́ wọn ní ìrìn ní ọsibítù, tí àwa ń pè ní Tíṣà Ẹsẹ̀, ní kí wọ́n máa rìn nínú omi tó mù wọ́n dé àyà, ogún ìṣẹ́jú láràárọ̀, fún oṣù mẹ́ta. Ó ní omi á gbé ara wọn fúyẹ́, orúnkún á sì lágbára. Bí wọn ò bá ṣe é, orúnkún náà á gan, ó sì lè má ṣeé ká mọ́ láéláé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Màmá bi í, pé ṣé àwọn á lè gun àtẹ̀gùn dé ọ̀dọ̀ ọmọ-ọmọ àwọn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, bí wọn ò bá ṣáà ti dá a dúró.

O mọ púùlù ìlúwẹ̀ẹ́ tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé ilé yìí ló gbẹ́ ẹ, àwa ò sì fi í ṣe ju ibi tá à ń kó àga tó ṣẹ́ sí lọ. Ọkọ mi a máa fi yangàn pé òun nìkan ni oníbúrẹ́dì tó ní odò tí kò lómi. A kó àga jáde, a fọ̀ ọ́, a kùn ún, a fa omi kún un. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹrin, omi náà ti ń rí bí omi ewé. Ni a bá ránṣẹ́ pe ọkùnrin tó ń tọ́jú púùlù káàkiri àdúgbò, ọ̀gbẹ́ni tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gbé báàgì bíi ti dókítà, tó sì ń fa ojú ro bíi dókítà. Dókítà Omi là ń pè é, kò sì bínú sí i.

Ẹ̀bá omi ló ti ṣàlàyé fún èmi àti ọkọ mi. Màmá ò sí níbẹ̀, inú ilé ni wọ́n wà. Ó ní omi tí kò bá ti ní kílórìn, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, àrùn lèèyàn ń wẹ̀, ọ̀nà mẹ́rin ló sì wà tá a lè gbà fi í sí i. Olómi wà, ọmọ ìyá bílíìṣì tá a fi ń fọṣọ. Ìyẹn yára ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n oòrùn máa ń tètè pa agbára rẹ̀, ojoojúmọ́ lèèyàn á máa wọ̀n ọ́n. Oníyẹ̀fun wà, tí wọ́n ń kọ́kọ́ pò sínú korobá. Ìyẹ̀fun ni wọ́n ń dà sínú omi o, èèyàn ò gbọ́dọ̀ da omi lé ìyẹ̀fun lórí. Oníhóró ńláńlá wà tí wọ́n ń kó sínú ike tó ń léfòó, kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ní ìyẹn dára fún ọ̀lẹ, ó sì wo ọkọ mi. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń fi ìdọ̀tí tirẹ̀ sílẹ̀ sínú omi, tó bá sì pẹ́, kílórìn ò ní lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́. Ìkẹrin ni ẹ̀rọ oníyọ̀, tó máa ń sọ iyọ̀ inú omi di kílórìn fúnra rẹ̀. Èyíkéyìí tá a bá mú, ó ní ká má po oríṣi méjì pọ̀ láéláé, torí ó lè gbiná.

Ọkọ mi fẹ́ ẹ̀rọ, nítorí ohunkóhun tó bá ti ní bọ́tìnnì ló máa ń wù ú. Èmi fẹ́ hóró. A ń fà á lọ fà á bọ̀ nínú ilé ìdáná nígbà tá a gbọ́ ohùn Màmá láti pálọ̀. Wọ́n ní bó bá jẹ́ kílórìn ni, àwọn ò ní ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Wọ́n fi àáké kọ́rí.

Mi ò lè bá wọn jiyàn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ń fi kílórìn fọ aṣọ ìbùsùn ní ilé ìfọṣọ ọsibítù, ìwọ náà sì rántí bí àtẹ́lẹwọ́ wọn ṣe máa ń bó nígbà náà. Ìwọ lo máa ń sọ pé ọwọ́ wọn ń họ ọ́ lẹ́yìn, tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa wá lára dípò àtẹ́lẹwọ́. Títí dòní, ẹ̀yìn ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń kan ẹni tí wọ́n fẹ́ràn lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ibi tí mo ti ṣìṣe rè é, Àbúrò mi. Mo jókòó tì wọ́n, mo ní ká kúkú ra ẹ̀rọ oníyọ̀, mo ní iyọ̀ lásán ni, bíi ti òkun. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n bi mí bóyá kò sí kílórìn níbẹ̀ lóòótọ́. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ohun tí Dókítà Omi sọ, síbẹ̀ mo dáhùn pé, "Kò sí nǹkan níbẹ̀, Màmá." Mo rò pé irọ́ tó máa mú kí wọ́n rìn, irọ́ rere ni. Wọ́n sì gbà mí gbọ́.

Ẹ̀rọ dé, Dókítà Omi wọn iyọ̀ sí i, ó bá tirẹ̀ lọ. Àárọ̀ mẹ́fà ni Màmá fi di ọwọ́ mi mú nínú omi, tá à ń rìn láti etí kan dé èkejì. Inú mi ń dùn ṣìnkìn. Lọ́jọ́ kẹfà, mo rí wọn tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò ra ìka wọn, tí wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀, mo sì yíjú síbòmíràn. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ọkọ mi tọ́ omi wò, tó ní iyọ̀ rẹ̀ ò dé ojú ìwọ̀n. O mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tó ti ń ṣe búrẹ́dì, kò fi nǹkan kan wọn iyọ̀ rí, ahọ́n rẹ̀ ni ìwọ̀n rẹ̀. Ó ń dà á, ó ń tọ́ ọ wò, ó ń mi orí, ó tún ń dà á, títí omi fi dùn mọ́ ọn lẹ́nu bí ìyẹ̀fun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pò. Iná pupa tàn lára ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì dákẹ́.

A pe Dókítà Omi padà. Orí àga tó wà lẹ́bàá omi ni Màmá wà nígbà tó ń tú ẹ̀rọ náà. Wọ́n bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Dókítà, kí ni nǹkan yìí ń ṣe gan-an?" Kò mọ nǹkan tó ń lọ nílé wa. Ó fi ọ̀yàyà dáhùn pé, "Kílórìn ni, Mà. Kílórìn gidi." Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a, tèmi ò tiẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá. Màmá mú ọ̀pá wọn, wọ́n wọlé.

Wọn ò bá mi jà. Ìbá sàn kí wọ́n bá mi jà. Wọ́n ń dáhùn bí mo bá kí wọn, wọ́n ń jẹun tí mo bá gbé fún wọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni wọn ò fi súnmọ́ omi. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹjọ, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń ti ara wọn dìde lórí àga. Tíṣà Ẹsẹ̀ ká orúnkún náà, ó fajú ro, ó wò mí. Ẹ̀rù bà mí, mi ò lè purọ́ fún ẹ. Ìdí tí mi ò fi kọ lẹ́tà sí ẹ lóṣù tó kọjá nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹwàá, mò ń lọ aṣọ nígbà tí Màmá pariwo orúkọ mi láti ojú fèrèsé. Mo sáré dé ibẹ̀, mo rò pé wọ́n ṣubú ni. Wọ́n na ọ̀pá sí púùlù tó ti di àwọ̀ ewé, wọ́n ní, "Ta ló ní kí omi máa dọ̀tí báyìí níwájú mi? Èmi, afọṣọ?" Wọ́n ní kí n lọ wá kílórìn olómi wá, pẹ̀lú ife tó ní àmì ìwọ̀n lára, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, àti ìwé àjákọ tuntun.

Wọ́n wá ní kí n jókòó. "Kì í ṣe oògùn yẹn ló bó mi lọ́wọ́," ni wọ́n wí. "Ọ̀gá wa ní ilé ìfọṣọ ni. Ojú lásán ló fi ń wọ̀n ọ́n. Bí mo bá ní ó ti pọ̀ jù, á ní, 'Kò sí nǹkan níbẹ̀, Ìyá.' Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ìwọ náà wá sọ ọ́."

Àbúrò mi, bí ilẹ̀ bá lanu ni, ǹ bá wọ inú rẹ̀. Mo sunkún bí ọmọdé. Màmá jẹ́ kí n sun ún tẹ́rùn, wọ́n wá ní ó tó, kí n lọ mú téèpù ìránṣọ mi wá ká wọn púùlù náà bó ṣe yẹ kí wọ́n ti wọ̀n ọ́n látìbẹ̀rẹ̀.

Ìwọ ì bá wà níbẹ̀! Èmi tó ń wọn èjìká àti ìbàdí láti àárọ̀ dalẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá omi, mò ń wọn gígùn àti ìbú, mo so téèpù mọ́ igi láti fi wọn jíjìn rẹ̀. Mò ń pe iye rẹ̀ sókè, Màmá ń kọ ọ́ sílẹ̀. A pe Dókítà Omi, ó ṣírò rẹ̀, ó ní omi tá a fi ọkàn balẹ̀ pè ní kékeré fi ìdá kan nínú mẹ́ta ju ohun tá a rò lọ. Ó ní ká fa ìdajì omi oníyọ̀ yẹn dànù, ká sì fi omi tuntun kún un. Ọkọ mi fẹ́ tọ́ tuntun náà wò, Màmá ní kó lọ tọ́ búrẹ́dì wò.

Dókítà Omi bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n mú èyí tó nira jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n ní òun làwọn mọ̀, àwọn mọ òórùn rẹ̀, àwọn sì mọ ìgbà tó bá pọ̀ jù. Ojoojúmọ́, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, wọ́n á wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n á bu omi púùlù sínú ìgò kékeré, wọ́n á kán oògùn àyẹ̀wò sí i, wọ́n á wo àwọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wọn kílórìn sínú ife, wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á ní, "Ẹ wò ó." Wọn kì í dà á títí tí èmi àti ọkọ mi á fi wò ó, tá a á sì sọ iye tá a rí. Dókítà Omi ti ń mú àwọn oníbàárà rẹ̀ wá wo ìwé àjákọ wọn. Ó ní òórùn tó máa ń gún èèyàn nímú ní púùlù mìíràn, kílórìn tí kò tó ló sábà ń fà á, kì í ṣe èyí tó pọ̀ jù. Màmá ní àwọn ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí i.

Ọ̀sẹ̀ keje rèé tá a ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn inú omi. Àtẹ̀gùn márùn-ún ló wà nínú púùlù wa. Lánàá, mo na ọwọ́ sí Màmá bí mo ṣe máa ń ṣe kí wọ́n lè jáde, wọn ò gbà á. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí lé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, wọ́n dúró, wọ́n mí, wọ́n gùn ún. Wọ́n gun márààrún. Nígbà tí wọ́n dókè, omi ń kán lára wọn, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo mọ̀ pé wọ́n ti dárí jì mí.

Bá mi kí ọkọ rẹ, sọ fún un pé ọkọ mi ní kó máa fi iyọ̀ díẹ̀ sínú omi gbígbóná fún ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má bi í léèrè pé mélòó ni díẹ̀. Bá mi kí ìyá tó ń gbé nísàlẹ̀ yín. Fi ẹnu kan Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ mi lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì.

Iṣẹ́ kan wà tí Màmá rán sí ẹ. Wọ́n ní kí o ka àtẹ̀gùn ilé yín láti ìsàlẹ̀ dókè, kí o wọn gíga ọ̀kan, kí o sì kọ ọ́ ránṣẹ́, kí àwọn lè mọ iye ìgbà tí àwọn gbọ́dọ̀ gun ti púùlù kó tó pé ti yín. Mo ní ó ń lọ bí ogójì, bí mo bá rántí dáadáa. Wọ́n ní àwọn ò béèrè ohun tí mo rántí. Nítorí náà, jọ̀wọ́, mú rúlà. Má fojú wọ̀n ọ́n o.

                                                  Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń wọn ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́ báyìí,
                                                  Aránṣọ.