Màámi, Èmi Ni Mo Ń Fi Fọ́tò Káyọ̀dé Ránṣẹ́ Sí Yín

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà, ẹ kú ìtọ́jú ara. Mo kí Bọ̀dá Níyì, àkọ́bí yín, mo kí ìyàwó wọn. Mo kí gbogbo ìyá ìjọ tó ń bá yín gba ààwẹ̀. Láti Clonsilla, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Dublin, ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín, níbi tí òjò ti ń rọ̀ láti àná bí ẹni pé wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ tí wọ́n sì gbàgbé. Tèmi ọmọ mi ní kí n kí ìyá àgbà òun. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó ń gbọ́ gbogbo Yorùbá tí à ń sọ, àní èyí tí a kò fẹ́ kó gbọ́, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará ibí ló fi ń dáni lóhùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá àga jókòó kí ẹ tó kà á síwájú. Lẹ́tà yìí kì í ṣe èyí tí à ń kà lórí ìdúró.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Bọ̀dá Níyì sọ fún mi pé ẹ ti lọ ya fọ́tò ìwé ìrìnnà, pé ẹ fẹ́ lọ sí Thailand fúnra yín láti lọ mú Káyọ̀dé, àbíkẹ́yìn yín, wálé. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàdọ́rin tí kò wọ bàlúù rí. Wọ́n ní ẹ ti di ẹrù, pé ẹ ti di kúlíkúlí tó fẹ́ràn mọ́ ọn. Ibi iṣẹ́ ni mo wà nígbà tí wọ́n sọ ti kúlíkúlí yẹn fún mi. Mo jókòó sórí garawa tí mo fi ń nu ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé. Màámi, Káyọ̀dé ti kú. Ohun tí Bọ̀dá Níyì àti pásítọ̀ yín wá sọ fún yín ní oṣù méjì sẹ́yìn, òtítọ́ ni. Èmi ni mo jẹ́ kó dà bí irọ́.

Bọ̀dá ní ẹ gbé fóònù yín síwájú wọn lọ́jọ́ náà, ẹ ń ṣí fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ní kí wọ́n wo ọjọ́ tí wọ́n wọlé, ẹ sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ ní, “Bí ọmọ mi bá kú nígbà òjò, ta ló dúró ti erin yìí lẹ́yìn Kérésì?” Ọwọ́ mi ni èsì ìbéèrè yẹn wà. Mo sì ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde ní gbangba, torí gbangba ni irọ́ náà dé: wọ́n gbé àwọn fọ́tò yẹn sójú pátákó ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ́jọ́ ìdúpẹ́, gbogbo ìjọ sì pàtẹ́wọ́.

Ẹ mọ̀ pé Káyọ̀dé ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Trat, ìpínlẹ̀ kan létí òkun ní ìlà-oòrùn Thailand. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wọkọ̀ lọ sí Ko Chang, erékùṣù tó wà níwájú ibẹ̀. A-rìn-má-jókòó ọmọ yín! Bí kò bá ya fọ́tò níbì kan, lójú tirẹ̀ kò tí ì débẹ̀. Èmi ló máa ń kó wọn ránṣẹ́ sí, ogún lẹ́ẹ̀kan, ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, èmi a sì wá fi èyí tó bá dáa jù ránṣẹ́ sí yín, torí fóònù yín kì í gba nǹkan púpọ̀. Bí gbogbo wọn ṣe wà lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú kan ni, nígbà òjò tiwọn. Èmi àti Tèmi wà ní Dún Laoghaire létí òkun, à ń rìn lórí ògiri òkúta gígùn tí wọ́n mọ wọ inú omi, nígbà tí ìyá onílé Káyọ̀dé, tí wọ́n ń pè ní Nók, pè mí. Ó ní Káyọ̀dé lọ lúwẹ̀ẹ́ ní etíkun erékùṣù náà pẹ̀lú àwọn olùkọ́ méjì, pé àsíá pupa tó ń kìlọ̀ wà níbẹ̀, pé omi ti gbé e. Odò Ògùn ló kọ́ ọmọ yín ní ìlúwẹ̀ẹ́. Ó rò pé bí odò ṣe rí ni òkun rí. Ọjọ́ kejì ni omi dá a padà, Nók sì lọ wò ó ní ilé ìwòsàn. N kò tí ì béèrè ohunkóhun tó fi sọ fún mi pé àpá iná kan wà lẹ́yìn apá òsì rẹ̀, láti ìgúnpá dé èjìká. Màámi, ẹ mọ àpá yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tó fẹ̀yìn lu ìkòkò ẹ̀wà yín. N kò sọ ọ́ fún obìnrin yẹn rí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún yín. Dókítà ní ẹ kò gbọdọ̀ sunkún. Bọ̀dá Níyì ní a kì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá lórí fóònù, pé kí a jẹ́ kí ojú jinná, kí àwọn àgbà sì kó ara wọn jọ. Mo gbà, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Ẹ̀yin náà fi ikú Bàámi pamọ́ fún ìyá wọn fún ogójì ọjọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n tú ojú yín, fọ́tò Káyọ̀dé lẹ kọ́kọ́ béèrè, ẹ ní ẹ fẹ́ fi ojú tuntun wò ó. Bọ̀dá pè mí, wọ́n ní kí n wá nǹkan ṣe.

Mo wá nǹkan ṣe. Mo mú èyí tó yà ní èbúté Laem Ngop, níbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí erékùṣù. Ó dúró níwájú ọkọ̀ ńlá tó ń gbé mọ́tò kọjá òkun, gbogbo eyín rẹ̀ wà níta. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Káyọ̀dé ní òun ń lọ gbafẹ́. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ti kọjá lórí ikú rẹ̀. Inú yín dùn débi pé ẹ kọrin sí mi létí, mo sì wọ ilé ìwẹ̀ lọ, mo fi tówẹ́ẹ̀lì dí ẹnu mi.

Ojú yín jinná. Bọ̀dá ní kí a jẹ́ kí Kérésì kọjá ná. Kérésì kọjá, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ yín ń ru. Nígbà tí ẹ bá ní ẹ fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, mo ní fóònù rẹ̀ ti bàjẹ́, tọ̀rẹ́ ló ń yá. Lọ́jọ́ ìbí yín, mo fi ti abúlé Ban Nam Chiao ránṣẹ́, níbi tí Mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn Búdà jọ ń gbé létí odò kan náà, tí àwọn obìnrin ń fi ewé hun àkẹtẹ̀. Ẹ ní kó ra ọ̀kan fún yín. Mo fèsì lórúkọ rẹ̀ pé ó ti rà á. Lẹ́yìn náà ni ti omi Khlong Phlu tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta, èyí tí ẹ fi jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ní ó ti rù, pé kó máa jẹun. Mo ní ó gbọ́.

Tèmi ló kọ́kọ́ dá mi lẹ́kun. Ó bá mi nídìí fóònù níbi tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fọ́tò erin, ó kà á tán, ó ní, “Mummy, that's not grand. Uncle Káyọ̀dé is dead.” Grand ni wọ́n ń pe ohun tó dáa níbí. Mo jágbe mọ́ ọn pé kó gba yàrá rẹ̀ lọ. Ọmọ tó sọ òtítọ́ ni mo lé kúrò níwájú mi kí n lè ráyè purọ́ fún ìyá mi. Àwa kọ́ la máa ń sọ pé àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin ká sọ pé a rí erin? Erin wà lójú fóònù, n kò sì lè sọ ọ́.

Ẹ ní òkú kì í fi fọ́tò ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín ohun tí mò ń ṣe jẹun. Grange Castle tí mo ti ń tún ilé ṣe, ilé ńláńlá tí kò ní fèrèsé ni, tó kún fún kọ̀ǹpútà tó ń kùn láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ọ̀gá wa ní inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò tí gbogbo ayé ń fi ránṣẹ́ ń gbé. Èèyàn ló ń kú, Màámi, fọ́tò kì í kú. Bí mo bá ní ọgọ́rùn-ún sí i lọ́wọ́, ǹ bá fi tàn yín fún ọdún méjì sí i, Káyọ̀dé kò sì ní wà láàyè ní ọ̀kankan nínú wọn.

Nígbà tí ẹ lé Bọ̀dá àti pásítọ̀ jáde, mo gba ààyè níbi iṣẹ́, mo sì lọ sí Thailand. Mo dé gbogbo ibi tó wà nínú fọ́tò yẹn. Mo dúró ní èbúté, mo wọ ọkọ̀ náà, àwọn àlejò ń ya ara wọn ní fọ́tò níbi tó ti ya tirẹ̀. Mo dé Bang Bao, abúlé apẹja tí ilé wọn wà lórí òpó láàárín omi, tí wọ́n ń ta edé gbígbẹ àti aṣọ ìwẹ̀ fún àlejò. Ibi tó rẹwà ni, n kò ní purọ́, ohun tó sì ń bí mi nínú nìyẹn. Mo ti rò pé n óò bá ibi tó burú tó ikú rẹ̀. Nígbà tí mo dé etíkun tí omi ti gbé e, àwọn ọmọdé ń fi yanrìn kọ́lé, òkun sì dákẹ́ bí omi inú abọ́. Mo bú u. Mo fi Yorùbá bú òkun yẹn débi tí ọlọ́pàá àwọn àlejò fi wá bi mí bóyá ara mi yá.

Nók mú mi lọ sílé. Bàtà Káyọ̀dé ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, bí wọ́n ṣe máa ń bọ́ ọ sílẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Ó ní òun kò gbé e kúrò láti ọjọ́ yìí wá, torí ará ilé rẹ̀ kò tí ì dé.

Ẹ bi Bọ̀dá pé bó bá kú, ibojì rẹ̀ dà. Wọn kò lè dáhùn, torí èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n títí di oṣù tó kọjá. Ilé ìwòsàn kò lè tọ́jú rẹ̀ pẹ́. Ìwé tí wọ́n ń béèrè kí a tó gbé e wálé kò pé. Káàdì ìgbélùú mi wà lọ́dọ̀ ìjọba ibí nígbà náà, n kò lè jáde. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí ìwé, mo sì fọwọ́ sí i. Wọ́n sun ún, Màámi. Wọ́n sun ọmọ yín ní tẹ́ḿpìlì tó wà nítòsí ilé Nók, Nók ló sì dúró tì í. Èmi, ọmọ tí ẹ bí tí ẹ tọ́ sínú ìgbàgbọ́, ni mo fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ ṣépè, èmi ni kí ẹ ṣé e fún, ẹ fi Bọ̀dá sílẹ̀.

Eérú rẹ̀ tí mo gbà lọ́wọ́ Nók wà lọ́dọ̀ mi, nínú ìkòkò kékeré tí wọ́n fi aṣọ funfun dì, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí àwọn ará ibí ń pè ní press. Tèmi máa ń kí i kó tó lọ sílé ìwé. Mo ti pe ọmọ náà, mo ti bẹ̀ ẹ́.

Ẹ rántí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó gba ọ̀nà Líbíà lọ tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́? Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ọmọ ẹni kú yá ju ọmọ ẹni nù. Ìyá rẹ̀ ṣì máa ń gbé oúnjẹ tirẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí èmi fi ṣe yín nìyẹn. Ọmọ yín kú, mo sọ ọ́ di ọmọ tó nù. Mo rò pé omijé ni mò ń gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ẹni tó ń bá yín ṣe ìwé ìrìnnà pé kó dáwọ́ dúró. Kò sí ẹni tí ẹ fẹ́ lọ bá níbẹ̀.

Èmi ni mò ń gbé eérú rẹ̀ bọ̀ wá bá yín, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀. Mo mọ̀ pé òbí kì í rí ibojì ọmọ. Bọ̀dá Níyì yóò ṣe gbogbo ètò ìsìnkú, ẹ̀yin ẹ wà nínú ilé. Ẹ bá mi kí àwọn ìyá ìjọ, kí ẹ sì ní kí wọ́n yí àdúrà wọn padà, kí wọ́n má bẹ Ọlọ́run fún ìpadàbọ̀ rẹ̀ mọ́, kí wọ́n bẹ̀ Ẹ́ kó dì yín mú. Mo kí gbogbo ará ilé, lọ́mọdé lágbà. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ tún sin ọmọ mọ́. Ojú tí wọ́n là fún yín kò ní rí aburú mìíràn. Ẹ óò pẹ́ fún wa.

Lọ́jọ́ tí mo bá dé, tí ẹ bá gbọ́ ìró ọkọ̀ tí ẹ jáde sí ẹnu ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ẹ̀yìn mi. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀