Fèrè Ìjì Tí A Gbé Fún Àwọn Òkú

Ilé kọkànlá, Òpópónà Rélùwéè,
Harlan Creek,
Nebraska.
Ọjọ́ kejìdínlógún, Oṣù Okúdù, ọdún 2019.

Rosalie, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Orúnkún rẹ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ńkọ́, ṣé o ti ń fi gun àtẹ̀gùn? Clifford ńkọ́, ṣé oòrùn Arizona kò tíì yan án bí àgbàdo? Ní tèmi, mo wà láàyè, òrùlé ilé mi sì wà lórí rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ará ìlú wa ló lè sọ bẹ́ẹ̀ lóṣù yìí.

O rántí fèrè ìkìlọ̀ ìjì tó wà lórí ilé àwọn panápaná láti ayé àwọn bàbá wa. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí wọ́n dán an wò, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì bí òbúkọ arúgbó, ó sì dákẹ́ pátápátá. Ẹyẹ ti kọ́lé sí i lẹ́nu. Ìgbìmọ̀ ìlú ní àwọn yóò ra méjì tuntun. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́, àfi ìgbà tó kan ibi tí a ó rì wọ́n mọ́.

Ì bá dára ká ní o wà ní ìpàdé náà. Gaylord oníṣègùn eyín ní ariwo yóò fọ́ ajá òun létí. Ìyàwó pásítọ̀ ní gíláàsì ṣọ́ọ̀ṣì yóò sán. Àwọn tó kọ́lé sórí òkè ní òpó irin yóò ba ojú ọ̀run àwọn jẹ́, bí ẹni pé àwọn ló ni ọ̀run. À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní a kò jẹ́ kí òun lọ jẹ̀ ní ààtàn. Orville Stenger, alága wa, wá ní ká gbé ọ̀kan sí itẹ́ òkú, torí kò sẹ́ni tó máa kọ̀wé ẹ̀sùn látibẹ̀. A rẹ́rìn-ín, a nawọ́, ó parí. Ìkejì lọ sí pápá gọ́ọ̀fù, kí ìjì má baà ká àwọn olówó mọ́ gbangba.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín: Màmá Agnes Dvorak, opó ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin tó ń gbé ní àgọ́ àwọn ilé pákó onítáyà, lódì kejì ojú irin.

"Àwa ńkọ́?" ló bi wá. "A ò ní yàrá abẹ́ ilẹ̀. Atẹ́gùn lásán ń mi ilé wa."

Orville ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ máa gbọ́ ti itẹ́ òkú."

"Mo mọ̀. Tí mo bá ti kó débẹ̀, màá gbọ́ ọ dáadáa."

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù yìí, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ojú ọ̀run dúdú bí ewé ẹ̀fọ́, ààjà sì sọ̀kalẹ̀. Fèrè tuntun méjèèjì ké, wọn kò wúkọ́ rárá. Kò sí òkú kan ní ìlú wa tí kò gbọ́ ìkìlọ̀. Àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù sá wọ abẹ́ ilẹ̀, wọ́n ń mu bíà. Ṣùgbọ́n ìhà gúúsù ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, ó sì gbé ariwo náà lọ fún àgbàdo inú oko. Lódì kejì ojú irin, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nǹkan kan. Ààjà gbé ilé méje. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n abẹ́ ògiri ni wọ́n ti fa Màmá Agnes yọ, apá rẹ̀ ti ṣẹ́. Leland aládùúgbò rẹ̀ kò tíì lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ di òní.

Mo ti fi gbogbo ìlú ṣẹ̀sín tán, ó ku èmi. Rosalie, igun àgbàlá mi ni òṣìṣẹ́ tó wọn ilẹ̀ kọ́kọ́ yàn. Etí ojú irin ni, ohùn fèrè ìbá dé àgọ́ náà. Ó ri àsíá pupa kékeré kan mọ́ ibẹ̀, mo sì fà á tu. Mo ní àwọn adìẹ mi kò ní yé ẹyin mọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ kọ̀, kí àwọn tó kù tó kọ́ ọgbọ́n náà lára mi.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé ìjì náà, mo gbé kolache, àkàrà òyìnbó aládùn, lọ bá Màmá Agnes ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n tẹ́ ibùsùn sí fún àwọn tí ààjà gbé ilé wọn. Mo jẹ́wọ́.

"Mo mọ̀," ló wí. "Mo ń lọ ra mílíìkì lọ́jọ́ náà. Mo rí ẹ níbi tó o ti ń fà á tu."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ dárí jì mí."

"Èmi kọ́ lo máa sọ ọ́ fún. Lọ sọ ọ́ níbi tẹ́ ẹ ti rẹ́rìn-ín."

Mo sọ ọ́ ní ìpàdé ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e. Orville ń wo bébà iwájú rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà. Gaylord ló kọ́kọ́ nawọ́, ìyàwó pásítọ̀ sì tẹ̀lé e. Wọ́n ní kí wọ́n hú ti pápá gọ́ọ̀fù wá sí àgbàlá mi. Àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù ti ń kọ̀wé ẹ̀sùn.

Wọ́n gbẹ́ ihò òpó rẹ̀ lánàá. Màmá Agnes gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ yìí, ó dúró, ó yọjú wo bó ṣe jìn tó. Mo kí i láti ojú fèrèsé. Ó kọjú sí ọ̀nà rẹ̀, ó ń lọ.

Bá mi kí Clifford àti àwọn ọmọ. Mo ń retí èsì rẹ, ṣùgbọ́n má tù mí nínú.

Èmi ni tìrẹ, tí ojú ń tì,
Lavonne Hruska.