Orúkọ Tí Mo Sọ Sínú Omi

Bọ́láwùmí ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ Sànúsí, mo sì kí ẹni tuntun tó wà lọ́wọ́ yín. Ọlọ́run tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀ kò ní jẹ́ kí omi ọmú rẹ gbẹ, kò ní jẹ́ kí ooru Àbújá mú ọmọ náà, ojú yín kò ní ríbi. Èmi bàbá rẹ ló ń sọ̀rọ̀, Fáòsíátù aránṣọ ẹ̀yìnkùlé wa ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti sọ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, kó má fi òyìnbó kankan lú u, kó sì má fi omijé rin ín, nítorí ẹkún máa ń yá a.

Àlàáfíà ni Ìlá wà. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo ti kọ ebè tí agbára mi ká. Ibi tí ilé ti ń jò tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ti ń jò. Orúnkún mi ọ̀tún kò sàn, tòsì kò sì burú sí i. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, ọ̀kan kú.

Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ̀ ni pé n kò gé fóònù mọ́ yín lẹ́nu lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ọlálérè awakọ̀ tó ń ná Àbújá ló dé ní ìjẹta, tó ní òun rí ọ, pé ò ń sunkún, pé o ní bàbá rẹ kò fẹ́ ọmọ náà. N kò bá ọ wí. Mo pariwo mọ́ ọ ní ọjọ́ kẹta tí o bímọ, nígbà tí o sọ pé Aya ni ẹ fẹ́ sọ ọ́, nígbà tí ó wá di ọjọ́ kẹjọ, fóònù kú mọ́ mi lọ́wọ́. Bí mo bá wà ní ipò rẹ, ohun tí èmi náà máa rò nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Jókòó kí n tò ó fún ọ.

O mọ̀ pé aya ni mo ń pe ìyá rẹ títí ó fi lọ. O sì mọ bí a ti ń ṣe nílé wa, pé bàbá àgbà a máa pe ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní aya òun, á ní kó gbé oúnjẹ wá, ọmọ á fi ṣe yẹ̀yẹ́, ilé á rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ṣe é fún ìwọ náà, o ní eyín rẹ̀ kò pé, pé o kò fẹ́ ẹ. Ó dára. Ní ẹ̀gbẹ́ sàréè ìyá rẹ, nígbà tí àwọn ará ìjọ ní kí n wá opó kan mú, mo búra pé n kò ní pe ẹlòmíràn ní aya mọ́ títí n ó fi lọ bá a. N kò yọ ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ nínú ìbúra náà. Ẹ wá mú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, ẹ fi sọ ọmọ lórúkọ. Ìdí tí mo fi pariwo nìyẹn.

Nígbà tí mo pariwo tán, mo jáde lọ wádìí, nítorí o ní ohun tí Sànúsí ní lọ́kàn yàtọ̀ sí ohun tí mo rò. Ọ̀dọ̀ Fáòsíátù ni mo kọ́kọ́ lọ. Ó ní nínú Kùránì, bí wọ́n ṣe ń pe ẹsẹ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kọ̀ọ̀kan nìyẹn, pé ó tún jẹ́ àmì, irú èyí tí Ọlọ́run fi ń jẹ́ kí èèyàn mọ̀ pé òun wà. Mo ní ṣé àwọn Lárúbáwá kò ní aya ni, ó ní wọ́n ní, àwọn mìíràn tilẹ̀ ní mẹ́rin, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè wọ́n.

N kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo. Mo lọ bá àbókí tó ń ti ọmọlanke ọ̀fìọ̀ kiri gáréèjì, mo ní kí ni aya lédè Haúsá. Ó bu ọ̀fìọ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan, ó nà án sí mi. Mo ní n kò fẹ́ rà, ìbéèrè ni mo bi í. Ó ní ìdáhùn náà ló wà lọ́wọ́ òun yẹn. Mo gbà á, mo jẹ ẹ́. Kí ìwọ náà mọ̀ ọ́n ṣáá, Haúsá pọ̀ ní Àbújá yín, bí o bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ò ń pe ọmọ rẹ wálé, wọn á gbé abọ́ jáde wá ra ọ̀fìọ̀.

Bernice, àgùnbánirọ̀ tó ń gbé yàrá iwájú wa, ọmọ Kàlàbá ni. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n sí nǹkan kan lédè tiwọn, àfi kí òun bi fóònù òun. Fóònù náà ní àwọn ará Jàpáànù ń sọ ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀, pé àwọn kan nínú wọn ń fi pe aṣọ sẹ́dà tí wọ́n hun ọnà sí lára. Mo bi í pé báwo ni fóònù ṣe mọ àwọn ará Jàpáànù, ó ní kò sí ẹni tí fóònù kò mọ̀. Mo ní kó wá bá mi béèrè ìyá Bọ́láwùmí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní bóyá àwọn tó wà láyé nìkan ló mọ̀.

Mo délé, mo ro ó. Àwọn ìlú yìí kò pàdé ara wọn rí, kò sí ẹni tó jí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kejì. Ẹnu èèyàn kò fẹ̀ púpọ̀, ohùn tó lè tibẹ̀ jáde níye, kò sí bí wọn kò ṣe ní kọlu ara wọn. Mo wá wò ó pé kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Àmì Ọlọ́run, ọ̀fìọ̀, aṣọ olọ́nà, àti ìyá rẹ. Mo gbà á.

Ní ọjọ́ kẹjọ, mo ti wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Mo dé fìlà, mo pọn omi sínú igbá, mo mú igba náírà tí kò rún lọ́wọ́. Fáòsíátù gbé fóònù tí o rà fún mi dúró sórí àpótí ìjókòó ìyá rẹ. Mo rí yín. O ti rù. Mo rí i pé etí mi ni ọmọ náà gbé wá sáyé. Wọ́n pe Aya, n kò bínú. Sànúsí, ọmọ tó mọ ọ̀wọ̀, ní kí Bàbá fi orúkọ tiwọn náà sí i. O mọ̀ pé nílé wa, bí èèyàn bá ń sọ ọmọ lórúkọ, owó ló ń sọ sínú omi bí ó ti ń pè é, orúkọ tí kò bá wọ omi, a kò tíì sọ ọ́. Mo wo owó ọwọ́ mi. Igbá wà ní Ìlá, ọmọ wà ní Àbújá. Bí mo bá jù ú síbẹ̀, Ìlá náà ló máa wà. Nínú gbogbo ohun tó wà níwájú mi, fóònù nìkan ló dé ìlú méjèèjì. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sínú omi, mo tẹ̀ ba, mo pe orúkọ náà sí i.

Fáòsíátù figbe ta pé Bàbá ti rì í. Mo ní kó dákẹ́, n kò tíì parí. Iná inú rẹ̀ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé ó ń ṣe àmín ni. Ó wá ṣú. Bernice ní kí a bò ó mọ́ inú ìrẹsì gbígbẹ, ó lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀, ní ọjọ́ kẹrin ebi pa mí, mo se ìrẹsì náà. Ìrẹsì náà dáa, fóònù kò dáhùn. Inú rẹ̀ sì ni nọ́ńbà rẹ wà, ó bá a rì. Ìdí tí mo fi ní kí Fáòsíátù gbé bírò nìyẹn.

Orúkọ tí mo pè ni Àbíkẹ́, oríkì ìyá rẹ. Láti ọjọ́ tí a ti da erùpẹ̀ bo ìyá rẹ, n kò pè é rí. Mo rò pé ẹnu mi á kọ̀ ọ́. Kò kọ̀ ọ́. Igba náírà yẹn ló wà nínú lẹ́tà yìí. Kí Sànúsí pọn omi, kó sọ ọ́ sí i, kó pe Àbíkẹ́ sí ọmọ náà létí, kó ní èmi ni mo ní kó pè é. Kó má fi fóònù rẹ̀ síbẹ̀.

Ohun tí Ọlálérè gbé fún ọ pọ̀ mọ́ lẹ́tà, ọ̀já ni. O rántí kíjìpá tí ìyá rẹ hun dé ìdajì, tó wà lórí òfì rẹ̀ lára ògiri, tí mo lé ìwọ gan-an kúrò nídìí rẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú. Lánàá mo ní kí Fáòsíátù mú àlùmọ́gàjí wá. Ó ní ṣé ó dá mi lójú, mo ní kó gé e kí n tó yí ọkàn padà. Ó ṣẹ́ ẹ létí. Kò gùn púpọ̀, ṣùgbọ́n o ti rù, á yí ọ ká.

Fi owó páànù ránṣẹ́, márùn-ún ti tó. Fi owó fóònù náà ránṣẹ́, Bernice ní irú èyí tí kò bẹ̀rù omi wà. Má fi í sí báǹkì, nítorí ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà wọn ní kí n tẹ nọ́ńbà àṣírí mi, mo sọ fún un pé n kò ní àṣírí kankan, ó gbé káàdì mi mì. Ọlálérè ni kí o kó o fún. Fáòsíátù ní òun kò gba nǹkan kan fún ìwé tí òun kọ, ṣùgbọ́n ó wúkọ́ bí ó ti ń sọ ọ́.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ọmọ náà gbó ju ìyá ìyá rẹ̀ lọ. Ọwọ́ tí o fi ń pọ̀n ọ́n kò ní rọ. Òun náà ni yóò sin ìwọ àti Sànúsí.

Bí ó bá ti lè jókòó, gbé e wá. N ó ní kó gbé oúnjẹ mi wá. Bí ó bá ní eyín mi kò pé, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n tirẹ̀ náà kò tíì pé. Ní ti ìbúra yẹn, mo ti lọ bá ìyá rẹ sọ ọ́ ní sàréè, mo dúró títí, kò sọ pé rárá.

Sọ fún ọmọ náà pé ọkọ rẹ̀ kí i.

Èmi bàbá rẹ,
Ọláyọdé.