Ìjẹ̀bú Tí Mo Ní Kí Ẹ Má Sọ

Ìsọlọ̀,
Oṣù Kẹfà, 1976.

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o. Ara mi le, mo tiẹ̀ sanra.

Wọ́n tún pè mí síbi ìdánwò ohùn fún ìpolówó rédíò, ẹlẹ́ẹ̀kẹfà. Ìyá àgbà tó ń sọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń wá lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní tèmi dé! Bí mo ṣe lanu, wọ́n ní mo kàn ń sín àwọn Ìjẹ̀bú jẹ. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín náà ni.

Nígbà tí ẹ wá kí mi, mo ní kí ẹ má sọ Ìjẹ̀bú sí mi létí, kó má baà ba ohùn mi jẹ́. Ẹ sì dákẹ́ títí ẹ fi lọ.

Ẹ bá mi kí Bọ̀ọ̀dá Albert. Kí wọ́n fi rédíò wọn gba ohùn yín sí kásẹ́ẹ̀tì fún mi. Ẹ bú mi níbẹ̀, Ìyá mi, ní Ìjẹ̀bú.

Ọmọ yín,
Jùmọ̀kẹ́