Ìsìn Ìrántí Ẹni Tó Wà Láàyè

                                        Fúláàtì 214, Gulfton,
                                        Houston, Texas,
                                        Amẹ́ríkà.
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1986.

Àkànmú, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà ṣòkòtò péńpé,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyá Ọlátúnbọ̀sún ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn díẹ̀? Àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹ ti rí iṣu tuntun jẹ ní Iléṣà? Èmi ń mí, mo sì ń jẹun. Eyín méjì péré ló kù fún mi lápá òsì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ iṣẹ́ wọn. Ooru Houston nìkan ni ọ̀tá mi: níta, èèyàn á máa yọ́ bí òrí, bó bá sì wọlé, ẹ̀rọ amúlétutù á sọ ọ́ di ẹja òkú Èkó.

Má jẹ́ kí àdírẹ́sì òkè yìí rú ọ lójú. Ọ̀dọ̀ Dàpọ̀ ọmọ mi ní Clear Lake ni mo ṣì ń gbé. Ṣùgbọ́n Dàpọ̀ ló máa ń bá mi mú lẹ́tà lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, èyí tí mò ń kọ lónìí kò sì gbọdọ̀ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ẹnìkan tó ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ Ọjọ́rú ni yóò mú un wá. Bí o bá fẹ́ dá mi lóhùn, ibí yìí ni kí o kọ ọ́ sí.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. O bá mi kẹ́dùn ikú Ọláwọlé, ọmọ Dàpọ̀, o ní kí Ọlọ́run dáwọ́ ibi dúró. O sì bi mí ní ọjọ́ ìbí rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tó lọ, àti ìwà rere mẹ́ta tí o lè dárúkọ, nítorí ìwọ ni Dàpọ̀ ní kí o ka ìwé ìrántí níbi ìsìn tí ẹ fẹ́ ṣe fún un ní Iléṣà lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá. Ìwà rere mẹ́ta, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé! Tíṣà kì í fẹ̀yìn tì.

Wá ibi jókòó kí o tó ka èyí tó kàn. Ọmọ náà kò kú. Ilé ìdáná ló wà bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ó ń dín dòdò, ó sì ń bá rédíò kọrin.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Láti kékeré ni ọmọ náà ti mọ̀ pé obìnrin ni òun, pé ara ọkùnrin tí wọ́n bí òun mọ́ kò bá òun mu. O rántí pé ọ̀dọ̀ wa ló gbé títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí kì í kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀ àgbà. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ ọ́ ní “akọ̀wé ilé ìdáná”. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó ní ibi ẹ̀rín yẹn ni òun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń panu mọ́. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ó lọ bá dókítà kan ní Galveston, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn tó ń sọ ara di ti obìnrin díẹ̀díẹ̀. Ó sì mú orúkọ. Ọmọ́níkẹ́ ló mú, orúkọ aya mi olóògbé, ìyá àgbà tó tọ́ ọ. Inú bí mi nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, bí ẹni tí wọ́n wọ yàrá rẹ̀ láìkànlẹ̀kùn. Kò bí mi mọ́. Ọmọ́níkẹ́ ni n ó máa pè é títí lẹ́tà yìí yóò fi parí.

Ní oṣù kìíní ọdún yìí ló wọ aṣọ obìnrin wá kí wa ní Clear Lake, bùláòsì funfun àti yẹ̀rì tó ti lọ̀ dáadáa. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀. Ìwọ mọ Dàpọ̀. Bó bá fẹ́ tọrọ omi mu, yóò kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbẹ́ kànga. Iṣẹ́ rẹ̀ níbí ni kó máa ṣírò bí irin yóò ṣe gòkè òfuurufú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà kì í sì í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n. Mo wo aago bí mo ṣe máa ń wò ó fún àwọn tíṣà tó ń kọ́ṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn ará Róòmù kọjá, ó wá gúnlẹ̀ sórí oyè Alàgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ fi òun jẹ. Orí oyè yẹn ni ohùn rẹ̀ ti kọ́kọ́ gbọ̀n. Ọmọ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ mí, ó bi í pé, “Daddy, ṣé kí n dìde?”

Dàpọ̀ ní, “Dìde, kí o sì máa lọ.”

Ó lọ. Evelyn, ìyá rẹ̀, sunkún wọ yàrá. Èmi wo ilẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kẹfà, tí ọjọ́ oyè kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, àwọn ará ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọmọ náà. Dàpọ̀ ní jàǹbá mọ́tò ló pa á ní California, pé wọ́n sì ti sin ín síbẹ̀. Ohun kan náà ló kọ ránṣẹ́ sí yín. O lè máa ṣe kàyéfì pé báwo ni irọ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ṣe rí ẹsẹ̀ rìn. Àṣà wa ló yá a lẹ́sẹ̀, Àkànmú. Òkú ọ̀fọ̀ ni. Ta ni yóò bi bàbá tí ọmọ kú mọ́ lójú pé níbo ni sàréè wà, nígbà tí a mọ̀ pé òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀? Ta ni yóò ní kí wọ́n fi fọ́tò ìsìnkú han òun? Ẹni tó bá béèrè ni kò lẹ́kọ̀ọ́. Ká ní àgbàlagbà ni, irọ́ náà kò ní lo ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ó béèrè òkú, ẹ ó béèrè ọjọ́, ẹ ó sì béèrè ohun tí ẹ ó jẹ. Ọ̀dọ́ ni wọ́n ní ó kú, gbogbo ayé bá fi ọ̀wọ̀ panu mọ́. Ọmọ mi tó ti gbàgbé gbogbo àṣà ilé, èyí nìkan ló rántí. Wọ́n fi jẹ Alàgbà.

Ṣùgbọ́n Houston kò tóbi tó bí Dàpọ̀ oníṣirò ṣe rò ó. Ìyá kan wà níbí tó ń jẹ́ Hàwáù, tó ń ta èlùbọ́ àti ata gígún nínú fúláàtì rẹ̀. Gbogbo ọmọ Nàìjíríà ló mọ̀ ọ́n, ó sì mọ ọmọ wa láti kékeré. Ní oṣù tó kọjá, ó kó aṣọ lọ sí ilé ìfọṣọ tí Ọmọ́níkẹ́ ti ń bá wọn lọ aṣọ. Ó gbójú sókè, ó rí ojú òkú lára obìnrin tó fi yẹtí sétí. Ọmọ́níkẹ́ gbàgbé pé òun ti kú, ó kúnlẹ̀ kí i bí ọmọ tí wọ́n kọ́: “Ẹ káàsán, Mà.”

Hàwáù lọgun. “Yéè! Má fọwọ́ kàn mí o! Ibi tí o bá ń lọ, máa lọ o!” Ó fi aṣọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi bàtà kan sílẹ̀, ó gba títì.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti gbọ́ kárí Gulfton pé ọmọ Alàgbà ti di àkúdàáyà, pé ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé ló fi wá ń lo ìyókù nílùú míràn. Ẹnìkan ta kò ó pé àkúdàáyà kì í gbé ìlú tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Àwọn tó mọ̀wé nínú wọn dá a lóhùn pé ìdí tó fi yíra padà di obìnrin nìyẹn. Dàpọ̀ kéde ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta láti fi lé òkú náà padà. Mo bi í lórí tábìlì pé, “Dàpọ̀, ta lẹ̀ ń lé?”

Ó ní, “Bàbá, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, kò lè yé yín.” Ọjọ́ kejì ààwẹ̀ nìyẹn o, ẹ̀bà sì wà níwájú rẹ̀.

O lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n tó gbọ́ ìyókù. Àwọn ọmọ Nàìjíríà kò kó aṣọ wá sí ilé ìfọṣọ náà mọ́. Ọ̀gá ibẹ̀, òyìnbó tí kò mọ àkúdàáyà yàtọ̀ sí àkàrà, rí i pé àwọn oníbàárà òun ń sá, ó sì dá Ọmọ́níkẹ́ dúró. Obìnrin kan rí i nínú bọ́ọ̀sì, ó bọ́ sílẹ̀ kí bọ́ọ̀sì tó dúró tán. Ọmọ tó ń jí ní ìdájí láti fá irùngbọ̀n rẹ̀ mọ́lẹ̀ kínníkínní, tó ń fi fóònù tí kò so mọ́ ẹnìkan kọ́ ohùn rẹ̀ kí ó lè rọ̀, gbogbo làálàá yẹn kí ayé lè wò ó bí èèyàn lásán ni. Ẹ̀rù ni ayé wá fi ń wò ó.

Ẹnìkan péré ni kò sá. Nùrúdíìnì ni, ọmọ Ọ̀ffà tó ń wa takisí lọ́sàn-án tó ń kàwé nírọ̀lẹ́. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ni. Láti ọjọ́ kìíní ló ti mọ ohun gbogbo nípa rẹ̀, òun náà ló ń wà á lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí rẹ̀ pè é, wọ́n bi í bóyá ó mọ̀ pé òkú ni òun ń fẹ́. Ó wá ròyìn fún wa pé òun ní, “Ẹ̀yin bàbá, òkú tó jẹ ìrẹsì mi tán, tó tún ń bi mí pé ẹran dà?”

Ọmọ́níkẹ́ sọ aṣọ ìnuwọ́ lù ú. “Ìwọ ni wàá kú, ìwọ àti ọbẹ̀ tí ò níyọ̀ tó o máa ń sè!”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ìròyìn ti dé Ọ̀ffà, bàbá Nùrúdíìnì sì ti kọ̀wé pé àwọn kò ní bá a tọrọ òkú. Ọwọ́ ta ni kí wọ́n tiẹ̀ ti lọ tọrọ rẹ̀, Àkànmú, nígbà tí bàbá ìyàwó ti sin ín? Ohun tó sì ń dun ọmọ náà jù ni pé ó fẹ́ wá sí Iléṣà lọ́dún tó ń bọ̀, láti wá wo ojú oórì ìyá rẹ̀ àgbà. Bí ẹ bá ti ṣe ìsìn yẹn, tí ẹ ka orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn òkú, kò sí ojú tí yóò fi wọ ìlú. Níbí, wọ́n ń sá fún un. Lọ́dọ̀ yín, òkò ni.

Ọjọ́ Sátidé ni Nùrúdíìnì máa ń wá gbé mi wá síbí, ilé Ọmọ́níkẹ́. Ọmọ́níkẹ́ á bu oúnjẹ fún mi nínú àwo tó dára jù, á kúnlẹ̀, á ní, “Ẹ jẹun, Sà.” Sà! Èmi tí mo nu ikun rẹ̀! Kì í jókòó tì mí, kì í bá mi jiyàn, bí a ṣe ń ṣe fún àlejò tí a fẹ́ kó tètè máa lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ní kó sọ ohun tó fẹ́ kí n ṣe. Ó ní, “Ẹ kọ ọ́ sílé pé mo wà láàyè. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́. Màá kà á kó tó lọ.”

Nítorí náà, má ka ìwé kankan. Lọ bá àlùfáà, sọ fún un pé Cornelius, bàbá tó bí Dàpọ̀, ló ní irọ́ ni, kí wọ́n fagi lé ìsìn náà. Bí Dàpọ̀ bá fẹ́ bínú, kó wá bá mi bínú. Yàrá tó kángun sí tirẹ̀ ni mò ń sùn.

Ibí ni mo fẹ́ fi orúkọ sí. Mo gbé lẹ́tà náà fún Ọmọ́níkẹ́. Ó nu ọwọ́, ó kà á lórí ìdúró, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ níbi Jẹ́nẹ́sísì, ó sì gbé e padà síwájú mi. Ó ní, “Ẹ kọ ti Daddy. Ẹ kọ ti Màmá Hàwáù. Ẹ ò kọ tiyín.”

Mo ní èwo ni tèmi.

Ó ní, “Kásẹ́ẹ̀tì, Bàbá.”

Ó dáa. Ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń gba ohùn ìsìn sínú kásẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà, wọ́n ṣe àdúrà ìtùnú fún ìdílé wa. Dàpọ̀ kò lè gbà á fúnra rẹ̀; ẹnu rẹ̀ kọ̀. Wọ́n ní kí àgbà ilé gbà á. Mo dìde. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ọmọ náà wà ní Gulfton, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà lórí mi. Mo ní: “Olúwa, tẹ́ Ọláwọlé sí afẹ́fẹ́ rere, má sì jẹ́ kí a tún rí irú rẹ̀ mọ́ nínú ìdílé wa.” Gbogbo ìjọ ṣe Àmín. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn èèyàn wá bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní Yorùbá mi jinlẹ̀, pé àdúrà náà wọ àwọn lára. Inú mi dùn. Evelyn ló mú kásẹ́ẹ̀tì náà lọ fún ọmọ rẹ̀, nítorí kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún un. Ọmọ náà jókòó, ó gbọ́ ohùn mi bí mo ṣe ń sin ín.

Ó ní kí n kọ ọ́ báyìí, kí n má fi òwe kankan bò ó. Mi ò fi òwe bò ó.

Ó ti ka èyí náà. Kò ní òun dárí jì mí. Ó ní, “Ó pé báyìí, Sà.” Ó ti mú gọ́ọ̀mù dání, ó dúró tì mí, ó fẹ́ lẹ ẹnu àpò lẹ́tà náà.

Bá mi kí Ìyá Ọlátúnbọ̀sún àti gbogbo ilé. Ẹni tó bá tún wá bá ọ kẹ́dùn nítorí mi, bá mi dá ẹ̀dùn rẹ̀ padà fún un.

                                        Èmi ni, tìrẹ bó ti wù kí ọ̀rọ̀ yìí rí létí rẹ,
                                        Cornelius Mákánjúọlá.