Ẹni Tó Di Ọ̀pá Éríà Mú

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ara mi le koko bí ọta. Iṣẹ́ ìfọṣọ tí mò ń ṣe ní ilé ìwòsàn ń lọ déédéé. Orin ìpolówó ọṣẹ tí a máa ń gbọ́ nínú tẹlifíṣọ̀n onígi Bàbá láyé ọjọ́sí ni mo máa ń kọ bí mo ṣe ń fọṣọ.

Lánàá, mo tún rí kàtúùnù ìgbà èwe wa, ti ológbò olójú kan tó ń lé àkùkọ. Ṣé ẹ rántí? Ẹ̀yin lẹ máa ń dúró níta di ọ̀pá éríà tẹlifíṣọ̀n Bàbá mú kí àwòrán má baà máa jó, èmi a sì máa pariwo sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ fún yín láti ojú fèrèsé. Ẹ ò rí àkùkọ yẹn rí, síbẹ̀ ẹ̀rín yín ló máa ń pọ̀ jù.

Bí ẹsẹ̀ ológbò náà ṣe yọ̀ lánàá, n kò mọ ìgbà tí mo kígbe sójú fèrèsé pé, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti kó sódò o!" Aládùúgbò mi gbá ògiri. Inú mi dùn pé ẹnì kan gbọ́.

Tẹlifíṣọ̀n tèmi fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, láìsí ẹnikẹ́ni níta.

Ẹ bá mi kí ìyàwó wa. Ẹ sọ fún Màmá pé mò ń jẹun.

Ẹ kú ìdúró ọjọ́sí o.

Àbúrò yín