Ibi Tí Omi Ìfọṣọ Ń Ṣàn Sí

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà

Katapílà dé. Abọ́ irin ńlá níwájú, ọwọ́ gígùn lẹ́yìn bí ìrù àkekèé. Ẹ̀yìnkùlé wa dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sọ́dọ̀ wa, gbogbo òjò orí òkè, ilẹ̀kùn wa ló ń kàn. A fẹ́ gé e kó tẹ́jú, kí omi máa gba ẹ̀gbẹ́ lọ sí gọ́tà, kí òjò ńlá tó bẹ̀rẹ̀. Baba Ọmọ ní òun lòun máa wà á. Ẹni tí kò wa ohun tó ju alùpùpù lọ rí.

Mo rò pé ọkùnrin ló máa kọ́ ọ. Obìnrin ló sọ̀ kalẹ̀. Fìlà pupa, apá líle, ó dàgbà jù mí lọ díẹ̀. Onífìlà ni màá máa pè é níbí. Kó tó di ọ̀sán, ọkọ mi ti ń pè é ní "Ọ̀gá mi". Èmi tí mo bímọ fún un, ọjọ́ wo ló pè mí lọ́gàá?

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Àga kan ṣoṣo ló wà lórí ẹ̀rọ yẹn. Baba Ọmọ jókòó, Onífìlà dúró lórí àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń nawọ́ kọjá àyà rẹ̀ láti fi àwọn ọ̀pá hàn án. Mo ka iye ìgbà tí ọwọ́ wọn kanra. Mẹ́sàn-án. Ọmọ bú sẹ́kún, mi ò ka ìyókù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Baba Ọmọ rẹ́rìn-ín lónìí, mo gbọ́ ọ láti ibi ìdáná — ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo gbé oúnjẹ lọ fún wọn. Mo rìn jẹ́jẹ́ kí n lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Iṣẹ́ ni wọ́n ń sọ. Onífìlà ní kó má fi ara ẹ̀rọ wọn ilẹ̀ láéláé, pé ẹ̀rọ lè dúró wọ́ kí awakọ̀ má mọ̀, gbogbo ohun tó bá sì gé á wọ́ bákan náà. Okùn tí òun ta mọ́ èèkàn ni kó máa wò.

Mo bi wọ́n bóyá èmi náà lè jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Baba Ọmọ rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa wá gbé ọmọ?"

Onífìlà ò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí tàánútàánú. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Onífìlà lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, ó di Àbámẹ́ta. Ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún Baba Ọmọ. Kó tó di ọ̀sán, okùn èèkàn ti há mọ́ irin ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì, ló bá tú u dànù. Ó ní ojú òun tó. Màmá, ìyá rẹ̀ tó ń bá wa gbé, gbé àga síta, wọ́n ń wòran. Wọ́n ní obìnrin yẹn mọṣẹ́, Ọlọ́run ló rán an sí wa. Èmi ńkọ́ o, ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn wá?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ilẹ̀ ti tẹ́. Ó dùn ún wò bí aṣọ tí wọ́n lọ̀.

Mo fọ aṣọ ọmọ, mo da omi rẹ̀ sẹ́yìnkùlé. Kò lọ sí gọ́tà. Ó dúró díẹ̀, ó yí padà tòun ti fóòmù ọṣẹ, ó wá bá ìka ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo da abọ́ kejì. Ó tún wá.

Baba Ọmọ ń juwọ́ sí mi láti orí ẹ̀rọ, inú rẹ̀ ń dùn bíi tọmọdé. Ó yẹ kí n pè é. Ohun tó wà lọ́kàn mi — jẹ́ n kọ ọ́, ìwé nìkan ló ń gbọ́ — ni pé kí Onífìlà dé, kó rí ohun tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bí. Kí Màmá náà rí ohun tí Ọlọ́run rán.

Mo juwọ́ padà. Mo wọlé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Omi ìfọṣọ tún wá. Mo dákẹ́.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Òjò. Ọ̀sán gangan. Ọmọ ń sùn lórí ẹní ní yàrá ẹ̀yìn. Omi pupa gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, kí n tó débẹ̀ ẹní ti ń léfòó lápá kan, ọmọ jókòó sínú omi, ó ń fọwọ́ gbá a, ló bá bú sẹ́kún. Màmá káwọ́ lérí. Wọ́n ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un.

Onílé gbà fún un, Màmá. Mi ò sọ ọ́ jáde.

Baba Ọmọ kúnlẹ̀, ó ń nu ẹsẹ̀ ọmọ. Ó ń bẹ̀ mí. Èmi! Ó ní ojú òun ló tan òun.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ọmọ ń wúkọ́.

Onífìlà dé. Ó béèrè okùn, ọkọ mi họrí. Ó ní ẹ̀rọ ti dúró wọ́ láti ọjọ́ Ajé, ohun tó sì tẹ́jú lójú ẹni tó wà lórí rẹ̀ kò tẹ́jú rárá. Kò bú u. Nígbà tí Baba Ọmọ lọ wá èèkàn, Onífìlà bi mí níbi tí mo máa ń da omi ìfọṣọ sí. Mo tọ́ka. Ó wo ibẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wò mí.

"Ìyàwó, ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ọjọ́rú, Àǹtí."

Mi ò mọ ohun tí kò jẹ́ kí n purọ́. Mo ń retí èébú. Ó ní ojú mi mú ju tọkọ mi lọ, kí n gòkè wá jókòó.

Baba Ọmọ ló gbé ọmọ. Àga yẹn gbóná, ó ń gbọ̀n títí dé inú eyín. Mo fa ọ̀pá kan, ọwọ́ irin náà gbéra nílẹ̀. Onífìlà ń da omi, mo ń wo ibi tó ń lọ, mo ń gé. Ọwọ́ rẹ̀ kan tèmi náà, ó ju ìgbà mẹ́sàn-án lọ. Ìlara mi ò mọ ibi tó máa gbà mọ́.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Omi ti ń gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Baba Ọmọ ń yìn mí fún Màmá, pé ìyàwó òun ló rí ọ̀nà omi. Ọmọ wúkọ́ láàárín ọ̀rọ̀ náà.

Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, mo sọ òtítọ́ fún Baba Ọmọ. Ọjọ́rú, abọ́ méjèèjì, ohun tó wà lọ́kàn mi. Kò pariwo. Ohun kan ló bi mí.

"O mọ̀ pé yàrá yẹn lọmọ ń sùn?"

Mo ní mo mọ̀.

Ó gbé abọ́ ìfọṣọ mi, ó pọn omi kún un, ó lọ dà á sẹ́yìnkùlé. Mò ń wò ó lójú fèrèsé bí mo ṣe ń kọ èyí. Omi ti lọ tipẹ́. Òun ṣì lóṣòó síbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.